Ilẹ̀ inú Àwòrán àti Ilẹ̀ Tó Kù Lẹ́sẹ̀ Wa

Nínú àwọn ọjà iṣẹ́ ọnà ní Kútọnù, oríṣi àwòrán kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi láàárín omi, obìnrin kan tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, oòrùn pupa tó ń wọ̀ lẹ́yìn ilé. Ganvié ni, ìlú àwọn Tòfínù tó wà lórí adágún Nokoué. Àlejò a rà á, a ká a, a gbé e wọ bàálù. Kò sí aburú níbẹ̀. Ẹni tó yà á ń jẹun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé èyí tí wọ́n yà nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì lágbára sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, yóò ṣòro fún yín láti mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Omi tó wà lábẹ́ àwọn ilé náà kò dúró bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1885 ni àwọn Faransé la ẹnu ọ̀nà kan sí òkun ní Kútọnù, kí omi ìkún lè ráyè jáde. Láti ìgbà náà ni omi iyọ̀ ti ń gba ibẹ̀ wọ inú adágún. Kútọnù di ìlú ńlá, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn síbẹ̀. Odò Ouémé ń kó ẹrẹ̀ bọ̀ láti òkè, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń gún sínú omi kí ẹja lè sá sí i ń jẹrà, ìsàlẹ̀ adágún sì ń ga sí i. Nínú àwòrán ọjà, kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí. Ilẹ̀, omi àti igbó tí a bí wa sí ní Benin àti Tógò ń yí padà kíákíá. Ní àsìkò kan náà, iṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ Benin ń gba orúkọ ní gbogbo ayé. Ǹjẹ́ àwọn méjèèjì mọ ara wọn? Kí ni àwọn ayàwòrán wa ń rí nígbà tí wọ́n bá wo ilẹ̀, kí ni àwa sì lè fi ohun tí wọ́n rí ṣe?

Ṣé àwa náà ní àwòrán ilẹ̀?

Àwọn kan máa ń sọ pé àwòrán ìrísí ilẹ̀, èyí tí Faransé ń pè ní paysage, kì í ṣe ti wa, pé òyìnbó ló gbé e dé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1600 sókè ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Họ́láǹdì ti ń fi odindi àwòrán ya pápá, odò àti sánmà nìkan, tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju èèrà lọ. Kò sí irú ìyẹn lára ògiri ojúbọ wa tàbí lára igi tí àwọn baba wa gbẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Yorùbá kò wo ilẹ̀ rí kò tíì gbọ́ oríkì ìlú. Ẹnu ni àwa fi ń ya ilẹ̀. Kò sí ìlú tí oríkì rẹ̀ kò ní òkè kan, odò kan tàbí igi kan nínú, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìdáàṣà ni wọ́n mọ̀ sí ìlú òkè mọ́kànlélógójì, nítorí pé àwọn òkè wọ̀nyẹn ni àwọn ènìyàn sá sí nígbà tí ogun Dahomey ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ náà, tí arìnrìn-àjò ń rí lókèèrè kó tó rí ìlú, ibi ìsádi àti ibi ìbọ ni. Ní Kétu, yàrà àti ẹnubodè Àkábà Ìdènà ló dúró fún ìlú títí di ọdún 1886 tí ogun Dahomey fi fọ́ ọ. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kàn ń wò fún wa. Ohun tó ń gba ni sílẹ̀ ni, tàbí ohun tó ń pa ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ẹ wo ohun tí agbẹ́gilére ń gbé ka orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ẹyẹ àti ejò, ìyá tó ń kirì, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, alùpùpù, bàálù. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni agbẹ́gi ń gbé lé orí kí gbogbo ìlú lè rí i, kí wọ́n fi orin sọ èrò wọn nípa rẹ̀. Kì í ṣe ìrísí ilẹ̀ bí àwọn ará Họ́láǹdì ti ń yà á, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀nà láti wo àyíká tó ń yí padà kí a sì bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá fi ojú yìí wo àwọn ayàwòrán òde òní, iṣẹ́ wọn kò ní ṣàjèjì sí wa.

Ọmọ Àjàṣẹ́ àti òkun

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn jù ni Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní ọdún 1962. Bídọ̀ọ̀n epo ló fi di olókìkí, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oníke tí wọ́n fi ń gbé epo kpayo wọlé láti Nàìjíríà. Ó gé e, ó yí i, ihò ọwọ́ rẹ̀ di imú, ẹnu rẹ̀ di ẹnu ènìyàn, ó di ìbòjú.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ jù ni La Bouche du Roi. Ìbòjú bídọ̀ọ̀n 304 ni ó tò sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi Brookes, ọkọ̀ akẹ́rú tí àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní ọdún 1789. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù rà á ní ọdún 2007. Púpọ̀ ènìyàn ló ti sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí orúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Orúkọ ibì kan ni: ibi tí Odò Mono ti ń wọ inú òkun, ní ìhà Grand-Popo, níbi tí wọ́n ti kó ẹrú lọ. Ẹnu odò náà kì í dúró lójú kan; ìgbì òkun ń ti iyanrìn, iyanrìn ń ti ẹnu odò. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìsédò Nangbéto ní Tógò ní ọdún 1987, omi tó ń dé ibẹ̀ kò tún tẹ̀lé ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí ayàwòrán fi pe orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jókòó dè wá.

Ọdún 2007 yẹn náà ló fi iṣẹ́ mìíràn hàn ní ìpàtẹ documenta ní ìlú Kassel, ní Jámánì, tó sì gba ẹ̀bùn Arnold Bode. Dream ni ó pè é, ìyẹn Àlá. Ọkọ̀ ojú omi kan ni, bídọ̀ọ̀n ni ó fi kàn án láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà ni ó na fọ́tò gbọọrọ kan sí: etí omi tó tutù, igi ọlọ́mọ̀ọ̀wọ̀ tó ga, iyanrìn mímọ́. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn nìkan yóò ní àwòrán ilẹ̀ tó dára ni, irú èyí tí ilé ìtura ń fi sí ara ògiri. Ẹni tó bá wo iwájú yóò rí ọkọ̀ tó ti jò kó tó gbéra, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbé lọ sí Yúróòpù. Nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó bi wá ní ìbéèrè tí kò rọrùn: bí ibẹ̀ bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ ń sá kúrò?

Ìdáhùn púpọ̀ ló wà. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú iyanrìn tó wà nínú fọ́tò yẹn.

Bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀

Ìgbì òkun wa máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, láti ìhà Gánà gba Tógò kọjá dé Benin àti Nàìjíríà. Ní ìhà Kútọnù, iyanrìn tó ń kọjá lọ́dún lé ní mílíọ̀nù kan mítà onígun mẹ́ta. Kò sí ohun tó burú nínú ìrìn yìí, níwọ̀n ìgbà tí èyí tó lọ bá ní èyí tó rọ́pò rẹ̀. Odò Volta ló ń pèsè púpọ̀ nínú ìrọ́pò yẹn. Ní ọdún 1965 ni wọ́n parí ìsédò Akosombo ní Gánà, iyanrìn odò sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni èbúté Kútọnù ṣí; ti Lomé tẹ̀lé e ní ọdún 1968. Ògiri òkúta tí wọ́n nà wọ inú òkun láti dáàbò bo àwọn èbúté náà ń dá iyanrìn dúró. Nítorí náà ni iyanrìn fi ń kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn èbúté kọ̀ọ̀kan, tí òkun sì ń jẹ ìlà oòrùn rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Lomé lọ sí Aného mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ilé ti wọ omi ní Agbodrafo àti ní Aného. Àgọ́ apẹja tó wà lókè lánàá, etí omi ló wà lónìí. Ní ìlà oòrùn Kútọnù, odindi òpópónà ni òkun ti gbé. Àgúè, níbi tí àwọn Àgùdà wa tó ti Brasil bọ̀ kọ́ ilé sí láyé ìgbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà láàárín wọn, etí òkun kan náà ló wà. Ní ọdún 2018 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò WACA fún àwọn orílẹ̀-èdè etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Benin àti Tógò sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti to òkúta, wọ́n ti da iyanrìn. Ibi tí wọ́n to òkúta sí sinmi díẹ̀; ibi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyà tún ń jẹ.

Ìdí tí a fi sọ èyí gùn tó báyìí ni pé òkun kì í jẹ ilẹ̀ tí ọkọ̀ akatapílà ti ń jẹ ẹ́, tí gbogbo ayé á gbọ́ ariwo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2010 gbà pé ibi tí òkun wà lónìí ni ó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Bí kò bá sí àwòrán, kò sí ẹ̀rí tí bàbá rẹ̀ yóò fi hàn án, àfi kó na ọwọ́ sí orí omi kó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ilé wa." Ohun tó wà nínú ewu níbí ju igi àgbọn lọ. Ìlú tí kò mọ ohun tó ti sọnù kò ní mọ ohun tó yẹ kó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Igbó, èédú àti epo kpayo

Ní òkè, nǹkan kò yàtọ̀. Púpọ̀ nínú èédú tí wọ́n fi ń dáná ní Kútọnù àti ní Àjàṣẹ́, ìhà Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou ló ti ń wá. Igi tí àwọn onígẹdú ń pè ní kósò ti di ọjà tí ilẹ̀ Ṣáínà ń wá lójú méjèèjì, débi pé láti ọdún 2017 ni àdéhùn CITES ti fi òfin de títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láìsí ìwé àṣẹ. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, igi ìlù àti igi odó, inú igbó kan náà ni wọ́n ti ń wá. Bí igbó bá lọ, kì í ṣe ìrísí ilẹ̀ nìkan ló lọ. Ohun èlò ọnà náà bá a lọ.

Igbó tó ṣẹ́kù jù lọ láàárín ìlú àti abúlé ni igbó ìbọ: igbó Orò, igbó Egúngún, igbó òrìṣà. Ní gúúsù Benin, ibi tí oko ti gba gbogbo ilẹ̀, àwọn ni wọ́n pa àpẹẹrẹ igbó àtijọ́ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìjọba Benin gbé àṣẹ kan jáde tó fún igbó ìbọ ní ipò lábẹ́ òfin, tó sì sọ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó kó máa lé ẹni tó mú ẹ̀rọ ìgégi bọ̀. Ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ló ń ṣe ìyẹn tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti dín kù. Ní Òṣogbo, níbi tí Susanne Wenger àti àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti sọ igbó Ọ̀ṣun di ibi ọnà tí UNESCO fi sínú ogún ayé ní ọdún 2005, igbó dúró, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà ní òkè odò. Àwọn ọmọ Ọ̀ṣun tó wà ní Kétu, ní Brasil àti ní Kúbà, odò yẹn kan náà ni wọ́n ń kí.

Ohun mìíràn tún ti yí padà tí ó kan iṣẹ́ Hazoumè gan-an. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní kíá, kpayo gbówó lórí ní Benin, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Igolo àti ọ̀nà Sèmè sì palẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní ìhà Sèmè-Kraké, ènìyàn tó lé ní 30 ló kú. Àwọn alùpùpù tó di bídọ̀ọ̀n bíi ogójì sẹ́yìn, tí Hazoumè ti ń ya fọ́tò wọn láti ọdún pípẹ́, ara ìrísí ilẹ̀ wa ni wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá tán lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tí yóò sunkún, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò náà ni yóò sọ fún ọmọ wa bí ọ̀nà yẹn ṣe rí àti ohun tí àìríṣẹ́ sọ ènìyàn dà.

Owó ọnà, ibo ló ń lọ?

A kò lè sọ pé ìjọba Benin kò náwó lórí ọnà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣúra 26 tí ọmọ ogun wọn kó ní ààfin Abomey ní ọdún 1892 padà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin ààrẹ ní Kútọnù pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde òní, èrò sì rọ́ wá. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ṣí ère jagunjagun obìnrin tó ga ní mítà 30. Ògiri gígùn tó wà lẹ́bàá èbúté Kútọnù kún fún àwòrán ọba, akọni, egúngún àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2024, Benin ní ilé tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìpàtẹ Venice, ní Ítálì. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣètò rẹ̀. Hazoumè, Moufouli Bello, Ishola Akpo àti Chloé Quenum ni wọ́n fi iṣẹ́ hàn. Àkòrí rẹ̀ ni pé gbogbo ohun iyebíye ló rọrùn láti fọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀.

Àkòrí yẹn bá ilẹ̀ wa mu ju bí a ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán orí ògiri èbúté dáadáa. Àná wà níbẹ̀, ó sì yẹ kó wà. Ọ̀la tí ìjọba ń ṣèlérí wà níbẹ̀. Òní ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀: òkun tó ń jẹ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì èbúté yẹn kan náà, Odò Ouémé tó ń kún wọ ilé. Ẹ̀kún omi ọdún 2010 kan ènìyàn tó lé ní 600,000 ní Benin. Mélòó ni àwòrán ńlá tó ń rántí rẹ̀ níta gbangba?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ayàwòrán kì í ṣe ti awọnlẹ̀, pé bí ìjọba bá ní kí ẹnì kan ya òkun tó ń jẹ ilẹ̀, ìkéde ni yóò di, kò ní jẹ́ ọnà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwòrán tí a fi ipá béèrè kì í ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ipá mú agbẹ́gi tó gbé alùpùpù sí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìlú ló fún un ní àyè, ìlú ló sì fẹ́ rí i. Àyè yẹn ni à ń bèèrè. Ayàwòrán tó ń ya Ganvié oòrùn wíwọ̀ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí adágún ṣe rí. Òun kọ́ ni kò ríran. Ẹni tó ń ra àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò bèèrè ohun mìíràn.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa

Àwa ẹgbẹ́ àṣà kò ní owó ìjọba, a kò sì lè ti òkun padà. Síbẹ̀ ohun mẹ́ta wà tí a lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Àkọ́kọ́, kí a lọ wo ohun tó ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 1930, Frédéric Gadmer, ayafọ́tò kan tí Albert Kahn gbà síṣẹ́, bá Francis Aupiais, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó ti gbé Àjàṣẹ́ pẹ́, yí Dahomey ká. Ó ya àwòrán aláwọ̀ tó lé ní 1,000: ìlú, ọjà, odò, ilé ọba, ojúbọ. Aláwọ̀ ni wọ́n, ẹ̀yin ará wa, ní 1930! Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert-Kahn ní ẹ̀bá Paris ló ń tọ́jú wọn, a sì lè wo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2022 sí 2023, ilé náà fi wọ́n hàn pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde òní. Ishola Akpo wà lára wọn. Ojú ẹni tó wá láti òkèèrè ni wọ́n fi ya púpọ̀ nínú wọn, ó sì yẹ kí a fi ọgbọ́n wò wọ́n. Ṣùgbọ́n igi tó dúró níbẹ̀ ní 1930 dúró níbẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa mú àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ sí ojú ibi tí wọ́n ti yà á, kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwòrán méjèèjì yóò sọ ọ̀rọ̀ tí ìpàdé ogún kò lè sọ. Àwọn ohun ìṣúra Abomey lo ọdún 129 kí wọ́n tó délé. Àwọn wọ̀nyí lè délé lálẹ́ òní.

Ìkejì, kí a kó ti ilé jọ. Fọ́tò ìgbéyàwó tí àwọn òbí wa yà létí òkun, ti ọjọ́ ìkómọjáde lábẹ́ igi ìrókò tó ti wó, ti ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ojúde tó ti di ibùdókọ̀, ẹ̀yìn wọn ni ilẹ̀ wà. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà ní orúkọ ibẹ̀, orúkọ igi, orúkọ omi, ọdún tí wọ́n yà á, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà ní Yorùbá. Orúkọ ibi máa ń kú kí ibi náà tó kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ lónìí ló mọ orúkọ tí ìjọba fi sí òpópónà, tí kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pe ìsàlẹ̀ odò.

Ìkẹta, kí a ra àwòrán òótọ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ fi ẹ̀bùn dá àlejò lọ́lá, bí ọmọ wa tó wà lókè òkun bá fẹ́ àwòrán fún ògiri rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá ayàwòrán sọ̀rọ̀: ya adágún bí o ṣe rí i láàárọ̀ yìí. Ya àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àpò èédú tó tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ya ẹnubodè Kétu pẹ̀lú ohun tó ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Kọ ọjọ́ àti ibi sí abẹ́ rẹ̀. Owó kan náà ni yóò gbà, ṣùgbọ́n ní ogójì ọdún sí i, àwòrán kan yóò jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ògiri, èkejì yóò jẹ́ ẹ̀rí.

Àwọn àgbà ní, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iṣẹ́ ayàwòrán ni láti bá wa wo òkèèrè. Iṣẹ́ tiwa ni láti gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà igi náà. Òjò yóò tún rọ̀ lọ́dún yìí, Ouémé yóò tún kún, òkun yóò tún bu díẹ̀ jẹ ní ìlà oòrùn Lomé àti ti Kútọnù. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú kámẹ́rà tàbí ọ̀dà, kí ẹ lọ ya ibi tí ẹ fẹ́ràn jù.